Láti Ẹnu Mọlémọlé: Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ Ilé Kíkọ́ Nínú Èdè Yorùbá

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí ó ti ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ láti bí ọgbọ̀n ọdún ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí amọ̀, símẹ́ǹtì àti pákó. Èmi kì í ṣe mọlémọlé, n kò sì mọ òòlù dì mú dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni mo fi ń jẹun, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń kọ́ ilé ju bí àwa tí a wà nínú ọgbà yìí ti rò lọ. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn kò ju pé èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó tó láti fi kọ́ ilé láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, pé àwọn oníṣẹ́ ni ó ni ọ̀rọ̀ náà, àti pé ewu ń bẹ nínú kí a máa ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún wọn láìbi wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé tí àwọn baba wa mọ. Mo ní "mọ", n kò ní "kọ́", ó sì ní ìdí. Ohun tí a bá fi ọwọ́ ṣe láti inú ohun rírọ̀ ni a máa ń sọ pé a mọ. Amọ̀kòkò ń mọ ìkòkò, ọmọdé ń fi ẹrẹ̀ mọ ère, àgbà sì ń mọ ilé. Lójú èdè yìí, ìkòkò àti ilé jẹ́ ọmọ ìyá: inú ilẹ̀ kan náà ni a ti wa amọ̀ wọn, ọwọ́ ènìyàn sì ni ó fún àwọn méjèèjì ní ìrísí. Wọn a wa amọ̀, wọn a bu omi sí i, wọn a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fẹ́lẹ́, wọn a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọn a sì tún un tẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò ṣù ú ní ìṣù-ìṣù, tí ẹni tí ó wà nílẹ̀ yóò máa jù ú sí ẹni tí ó wà lórí ògiri. Ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Nítorí náà ni ilé mímọ fi jẹ́ iṣẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí a sì ń bẹ ọ̀wẹ̀ fún un, nítorí pé ọwọ́ ẹnì kan kò lè sáré tó kí òjò tó dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà, "gbẹ", sí ọkàn. N ó padà sórí rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Bí ògiri bá ti tó ìwọ̀n, wọn a to igi òrùlé, wọn a sì bo ilé. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, koríko bẹẹrẹ ni. Ní ilẹ̀ igbó, ewé gbòdògì ni àwọn ẹlòmíràn ń lò. Àwọn obìnrin ni ó sábà máa ń fi ewé àti ìgbẹ́ màlúù ra ilẹ̀ àti ara ògiri títí yóò fi máa dán. Gbogbo ibi tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ó ní orúkọ: ìloro, ọ̀dẹ̀dẹ̀, yàrá, ìyẹ̀wù, àjà, àgbàlá, ẹ̀yìnkùlé. Òmíràn wà tí kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Kọ̀bì jẹ́ ohun tí a mọ̀ mọ́ ààfin ọba, Samuel Johnson sì mẹ́nu kàn án nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ yìí mọ ilé ta ni òun ń wò kí ó tó béèrè.

Ọ̀rọ̀ kan wà láàrin wọn tí mo fẹ́ràn púpọ̀: àtẹ́rígbà. Igi tí a gbé dábùú orí ẹnu ọ̀nà ni, tí ó ru ògiri tí ó wà lókè rẹ̀. Bí mo ti ń tú u, ẹni tí yóò bá wọlé ni ó gbọ́dọ̀ tẹ orí rẹ̀ kí ó tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti sọ bí ẹnu ọ̀nà àtijọ́ ti rí nílẹ̀, tí ó sì sọ bí a ti ń wọ ilé onílé pẹ̀lú. Òrùlé náà rí bẹ́ẹ̀, orí ilé ni. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún mọ àtẹ́rígbà, wọ́n sì lò ó fún ibi tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fi ẹ̀jẹ̀ tọ́ ní Íjíbítì. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí wọ́n mọ ọ̀rọ̀ náà, inú Bíbélì yẹn ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n rò pé nǹkan ilẹ̀ Íjíbítì ni. Bí mo bá tọ́ka sí i lórí ilẹ̀kùn kíláàsì, wọn a ní, "Líńtẹ̀lì nìyẹn, sà."

Ọ̀rọ̀ yìí lè mú kí ènìyàn sunkún pé èdè wa ti ń kú lọ, irú ẹkún bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ nínú ìwé àti lórí afẹ́fẹ́. N kò sí lára àwọn tí ń sun ún. Láti ọdún mélòó kan ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ tí mo bá gbọ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé sílẹ̀, ní Ìbàdàn, ní Ọ̀yọ́, ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Abẹ́òkúta, ohun tí mo sì rí nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi kò jọ ohun tí ń kú. Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ bí àwọn oníṣẹ́ ti ń sọ ọ́: wọ́n ń po símẹ́ǹtì, wọ́n ń da kọnkéré, wọ́n ń to bulọ́ọ̀kù, wọ́n ń di irin, wọ́n ń kan páànù, wọ́n ń rẹ́ ògiri, wọ́n ń fa wáyà, wọ́n ń ri páìpù mọ́lẹ̀, wọ́n ń lẹ tááìsì, wọ́n ń kun ilé lọ́dà.

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn wọ̀nyí bí onímọ̀ èdè. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ orúkọ inú wọn ni a yá: símẹ́ǹtì, bulọ́ọ̀kù, kọnkéré, páànù, wáyà, páìpù. Ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan nínú ọ̀rọ̀ ìṣe wọn tí kì í ṣe tiwa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Po ti wà kí símẹ́ǹtì tó dé. Òun ni a fi ń po amọ̀, òun ni a fi ń po ògì. Dà ti wà, tò ti wà, dì ti wà. Àlejò wọ ìlú, onílé fún un ní yàrá, ṣùgbọ́n onílé kò fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí a ń lò lè ti òkèèrè wá. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe sí i kò ti ibì kankan wá.

Ohun tí ó dùn mọ́ mi jù ni bí àwọn oníṣẹ́ ti ń fi ìṣọ́ra yan ọ̀rọ̀ ìṣe náà. Kò sí bíríkìlà kan tí mo gbọ́ kí ó ní òun ń mọ bulọ́ọ̀kù sórí ògiri. Ó ń tò ó ni, bí ìyálọ́jà ti ń to ọjà sórí àtẹ, bí a ti ń to igi ìdáná. Ìdí rẹ̀ ni pé bulọ́ọ̀kù ti ní ìrísí tirẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀: 450 mílímítà ní gígùn, 225 ní gíga, 225 tàbí 150 ní ìbú, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ṣì ń pè ní ínṣì 9 àti ínṣì 6 bí ó tilẹ̀ ti pẹ́ tí ìjọba ti sọ òṣùwọ̀n di mítà. Iṣẹ́ tí ó kù fún ọwọ́ ni kí ó tò ó kí ó gún. Ọwọ́ tí ń mọ, ojú ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Ọwọ́ tí ń tò, okùn ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tí ó jókòó láti fi ìyàtọ̀ yìí lélẹ̀. Àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ náà ni ó mọ̀ pé iṣẹ́ ti yí padà, wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ padà tẹ̀ lé e.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe àyálò díẹ̀ náà. Wọ́n ń sẹ́ẹ̀tì ilé, wọ́n sì ń lẹ́fẹ́ẹ̀lì ilẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí, iṣẹ́ tí ó ti ara ìwé àwòrán wá ni wọ́n jẹ́, èyí tí ènìyàn ṣe kí a tó gbé bulọ́ọ̀kù àkọ́kọ́. Mọlémọlé àtijọ́ náà a máa ta okùn, àwọn olùtúmọ̀ Bíbélì sì rí "okùn-ìwọ̀n" lò fún wòlíì Ámósì, ṣùgbọ́n kò sí ìwé àwòrán lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tí ìmọ̀ bá ti jẹ́ tuntun látòkè délẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìṣe ti ń wọlé. Ibòmíràn, ẹnu ọ̀nà ni a ti ń dá a dúró.

Orúkọ àwọn oníṣẹ́ fúnra wọn tún jẹ́ ẹ̀rí. A mú ọ̀rọ̀ ìṣe àti àbọ̀ rẹ̀, a sọ wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì, a ti ní oníṣẹ́: mọlémọlé, kọ́lékọ́lé, kunlékunlé, gbẹ́nàgbẹ́nà. Nígbà tí iṣẹ́ fífi iná jó irin mọ́ra dé, kò pẹ́ tí a fi ń gbọ́ jórinjórin. Ọ̀nà ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń bí ọmọ. (Kí n sọ èyí fún àwọn tí ń kọ pátákó: àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà nìkan ni ó wà láàrin kọ́lékọ́lé àti kólékólé. Ẹni tí ó bá fi àmì náà sílẹ̀ lára pátákó rẹ̀, kí ó má bínú bí ọlọ́pàá bá kàn án wò.)

Gbẹ́nàgbẹ́nà yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Ẹni tí ń gbẹ́ ọnà ni, ọnà kì í sì í ṣe pákó. Nígbà tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ní Èkìtì, tí ó kú ní 1938, gbẹ́ ìlẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó jẹ́ ní kíkún. Wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí ibi àfihàn ńlá ní Wembley ní 1924, àwọn British Museum sì fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ìtẹ́ kan tí a ṣe ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Làmídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá, tí ó kú ní 2009, wà lójú ọ̀nà kan náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí pákó tí a fi ayùn là dé, tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́ọ̀nù sì ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń fi í ṣe àga, ilẹ̀kùn àti òrùlé, a nílò orúkọ fún oníṣẹ́ tuntun yìí. Àwọn olùtúmọ̀ Bíbélì gbé orúkọ gbẹ́nàgbẹ́nà fún Jósẹ́fù ará Násárẹ́tì, èyí sì ni ilé-ìwé ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Àwọn tí ó wà nínú iṣẹ́ náà kò gbà á tán. Ọ̀gá kan tí ó ń kan òrùlé ní Ìbàdàn sọ fún mi pé, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, káfíńtà ni mí o. N kì í gbẹ́ nǹkan kan. Mo ń rẹ́, mo sì ń kàn ni." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́. Ó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ń gbẹ́ ọnà, kò fi àbùkù kan èyíkéyìí nínú wọn, ó sì fi ọ̀rọ̀ ìṣe méjì ṣe àlàyé iṣẹ́ rẹ̀ ju bí ìwé atúmọ̀ èdè ti ṣe é lọ. Kí ẹ má sì ṣe fi rẹ́ tirẹ̀ pe rẹ́ ti bíríkìlà: ti káfíńtà ń gé pákó, ti bíríkìlà ń tẹ́ símẹ́ǹtì sára ògiri.

N kò lè fò ìtàn Àgùdà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti Bràsíl àti Kúbà padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ní bíríkìlà àti káfíńtà láàrin wọn, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ Èkó ní iṣẹ́. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894, João Baptista da Costa, Àgùdà kan, wà lára àwọn tí ó kọ́ ọ. Ilé Ilọ́jọ̀ tí ó wà ní gbàgede Tinúubú, tí a kọ́ ní nǹkan bí 1855, tí ìjọba sì kéde ní 1956 gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ni àwọn kan wó palẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2016. Mo wá ọ̀rọ̀ Potogí kiri lẹ́nu àwọn oníṣẹ́, n kò rí púpọ̀. Ilé àti ọgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀. Ìtànná tí wọ́n fi símẹ́ǹtì yà sórí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà tàn dé Ìjẹ̀bú, Ìbàdàn àti Iléṣà, àwọn ènìyàn wa sì pè é ní ọnà, ọ̀rọ̀ kan náà tí ó wà nínú gbẹ́nàgbẹ́nà.

Wàyí o, mo padà sórí "gbẹ".

Amọ̀ a máa gbẹ. Omi tí a fi pò ó a bá afẹ́fẹ́ lọ, ohun tí ó bá ṣẹ́ kù a sì le. Oòrùn ni ọ̀rẹ́ mọlémọlé. Bí ògiri bá ti gbẹ tó ni ó ti lágbára tó. Ìmọ̀ yìí jinlẹ̀, òtítọ́ ni, ó sì ti wà lẹ́nu wa láti ìran dé ìran. Símẹ́ǹtì kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí a bá po símẹ́ǹtì, omi inú rẹ̀ kì í kàn án kọjá lọ. Símẹ́ǹtì a máa mu omi náà, àwọn méjèèjì a sì parapọ̀ di ohun mìíràn tí ó le bí òkúta. Ìdí nìyí tí kọnkéré fi lè le nínú omi pàápàá. Bí oòrùn bá tètè fa omi náà jáde, ìparapọ̀ náà a dúró ní agbede méjì. Ojú rẹ̀ a funfun, a le díẹ̀, ènìyàn a sì rò pé iṣẹ́ ti parí, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ kò dé ibi tí ó yẹ. Nítorí náà ni àwọn ẹnjiníà fi ń pàṣẹ pé kí a máa bomi rin ín fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, tí wọ́n sì ń dúró di ọjọ́ 28 kí wọ́n tó wọn agbára rẹ̀.

Mo ti gbọ́ gbólóhùn yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ níbi iṣẹ́: "Ó ti gbẹ, ẹ yọ igi." Igi tí wọ́n ń sọ ni ọparun tí wọ́n fi ti dẹ́kìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà. Ẹni tí ó sọ ọ́ kì í ṣe òmùgọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀rọ̀ tí ó ń lò ni ó gbé ìmọ̀ bàbá rẹ̀ wá fún un, ìmọ̀ náà sì pé, ṣùgbọ́n amọ̀ ni a fi kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ orúkọ ti yí padà láti amọ̀ sí símẹ́ǹtì. Ọ̀rọ̀ ìṣe dúró sí ipò rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan yìí ìdúró rẹ̀ kò ṣe wá lóore. Mo ti ń yin ọ̀rọ̀ ìṣe wa láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ó yẹ kí n sọ èyí náà nípa rẹ̀.

Ní 13 oṣù Kẹta 2019, ilé kan tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì ní Èkó. Ní 1 oṣù Kọkànlá 2021, ilé alájà mọ́kànlélógún tí a ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní ogójì. N kò wí pé ọ̀rọ̀ kan ni ó wó ilé wọ̀nyí. Iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà ni láti sọ ohun tí ó wó wọn. Ohun tí mo ń wí ni pé nínú ilé tí a ń kọ́ káàkiri ilẹ̀ wa lónìí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé àwòrán, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òfin, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìkìlọ̀ tí ó wà lára àpò símẹ́ǹtì, èdè Yorùbá sì ni ẹnu tí ń pàṣẹ pé kí a yọ igi. Láàrin àwọn méjèèjì, ta ni ó ń túmọ̀?

Ilé-iṣẹ́ ìjọba kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, gbìyànjú ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n tẹ ìwé pélébé kan jáde fún àwọn oníṣẹ́, ní èdè Yorùbá, èrò náà sì dára. Mo mú un lọ síbi iṣẹ́ kan, mo sì kà á fún wọn sókè. Kọnkéré ti di "àpòpọ̀ òkúta oníyẹ̀fun". Bíbomi rin ín ti di "ìtọ́jú olómi fún ìmúlágbára". Ẹ̀rín pa wọ́n. Lébìrà kan bi mí tọkàntọkàn bóyá ìtọ́jú olómi ni èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń so kọ́ fún aláìsàn ní ọsibítù. Kò sí àṣìṣe gírámà kankan nínú ìwé náà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé orí tábìlì ni a ti kọ ọ́, láàrin àwọn tí kò po símẹ́ǹtì rí, fún àwọn tí a kò bi léèrè rí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1984 lábẹ́ àbójútó Ayọ̀ Bámgbóṣé, tí apá kejì sì jáde ní 1990 lábẹ́ àbójútó Ọládélé Awóbùlúyì, ni ó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe fún mi láti dúró síbí kí n máa sọ "ọ̀rọ̀ ìṣe" àti "ọ̀rọ̀ àyálò" láìdẹ́nu. Iṣẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, nígbà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, fi hàn pé èdè yìí kò kọ ìmọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó mú kí ìwé èdè-ìperí múlẹ̀. Àwọn tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀ ni yóò lò ó: àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni wọ́n ṣe é fún ara wọn. Ní ti ilé kíkọ́, àwọn tí yóò lo ọ̀rọ̀ kò sí nínú yàrá ìgbìmọ̀.

Èyí mú mi dé ọ̀dọ̀ bíríkìlà àgbà kan ní Ọ̀yọ́, ẹni tí mo lè pè ní ẹ̀gbọ́n mi nínú ọjọ́ orí. Wọ́n da dẹ́kìn ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọmọ ẹni tí ó ni ilé sì ń kánjú kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ ilé òkè. Bàbá náà wo iṣẹ́ náà, ó ní, "Ó ti dì, ṣùgbọ́n kò tíì gbó." Mo ní kí wọ́n dákun tún un sọ kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ gbé gbólóhùn náà yẹ̀ wò. Dì ni ẹ̀kọ ń dì nínú ewé. Kò sí ẹlẹ́kọ tí yóò ní ẹ̀kọ òun ti gbẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ẹ̀kọ tí ó bá gbẹ ti bàjẹ́. Epo pupa a máa dì ní ìgbà ọyẹ́, kò sì gbẹ. Nínú dì, ohun tí ó jẹ́ omi di ohun líle pẹ̀lú omi rẹ̀ nínú ara rẹ̀. Òótọ́ ni pé òtútù ni ó ń mú ẹ̀kọ àti epo dì, tí ti símẹ́ǹtì kò sì rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tí ó ṣe pàtàkì, pé omi kò gbọdọ̀ kúrò, ọ̀rọ̀ náà kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Gbó wá ń kọ́? Iṣu ń gbó, àgbàdo ń gbó, igi ń gbó. Ohun tí yóò gbó gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi ìkánjú mú un gbó. Ohun tí àwọn ẹnjiníà fi ọjọ́ 28 wọ̀n ni bàbá yìí pè ní gbígbó. Dì, le, gbó: ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ̀, tí ó sì sọ ohun tí ìwé pélébé náà fi ojú ìwé méjì wá tì.

Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà fún ọdún mẹ́rin, tí ọ̀gá rẹ̀ sì dá a sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ó fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí kí ó lè rí iṣẹ́ ṣe lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, ó sì lọ ṣe ìdánwò. Ọwọ́ rẹ̀ yege. Ìwé rẹ̀ kò yege. Ọ̀kan nínú ìbéèrè tí wọ́n bi í ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìdí tí a fi ń bomi rin kọnkéré, ó sì fi àyè ìdáhùn sílẹ̀ lófìfo. Nígbà tí mo bi í ní Yorùbá nínú ilé mi, kò ronú rárá kí ó tó dáhùn: "Kí ó má baà gbẹ kí ó tó gbó ni, sà." N kò rò pé olùkọ́ ẹnjiníà kan wà nínú yunifásítì yìí tí yóò fún ìdáhùn yẹn ní máàkì tí kò pé. Ọmọ náà ṣì ń gba iṣẹ́ ojúmọ́ lábẹ́ àwọn tí ó ní ìwé ẹ̀rí, àwọn kan nínú wọn sì ni ó ń sọ pé "ó ti gbẹ".

Ohun tí mo ń fẹ́ kò nira. Kí Ẹ̀ka wa àti Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹnjiníà jọ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbi iṣẹ́, kì í ṣe láti lọ kọ́ àwọn oníṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ bí kò ṣe láti lọ gbọ́ ọ. Èdè àdúgbò yàtọ̀. Ẹni tí ń pe ilé ní "ulé" ní Èkìtì lè ní ọ̀rọ̀ tí ará Ọ̀yọ́ kò ní, a kò sì gbọdọ̀ fi ti ẹnì kan pa ti ẹnì kejì rẹ́ kí a tó kọ méjèèjì sílẹ̀. Kí a kọ wọ́n pẹ̀lú àmì ohùn, nítorí ìyàtọ̀ dì àti di kì í ṣe ohun eré lórí dẹ́kìn: a di irin tán kí a tó da kọnkéré, kọnkéré náà a sì wá dì. Símẹ́ǹtì àti páànù, kí a fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ti wà. Wọ́n ti di ọmọ ilé, n kò sì rí ẹni tí yóò fi "irin pẹlẹbẹ ìbolé" ra ọjà ní Ògùnpa kí wọ́n tà á fún un. Níbi tí ọ̀rọ̀ kò bá sí, ẹ jẹ́ kí a wá ọ̀rọ̀ ìṣe àwọn oníṣẹ́ kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ bá ń ṣi ènìyàn lọ́nà, bí gbẹ ti ń ṣe, kí a sọ ọ́ síta láìtijú, ní rédíò, ní ibi ìpàdé ẹgbẹ́ oníṣẹ́, àti níbi tí a ti ń dá ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀.

Ìdánwò náà ńkọ́? Mo ti gbọ́ àwọn tí ó ní bí a bá fi Yorùbá ṣe é, ẹni tí ó yege kò ní lè ṣiṣẹ́ ní Kánò. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò jẹ́ kí ó yege kò lè ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn pàápàá, bí ó ti yẹ kí ó ṣe é. Kí ìbéèrè wà ní èdè méjèèjì lórí ìwé kan náà, kí ẹni tí ń dáhùn yan èyí tí ó bá fẹ́. Àwọn olùkọ́ èdè wà níbí tí wọ́n lè ṣe ìtumọ̀ náà, bí wọ́n bá kọ́kọ́ gbà láti lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń po símẹ́ǹtì.

Mo ti to ọ̀rọ̀ bí ọgọ́rùn-ún ó lé díẹ̀ jọ, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, mo sì ti tẹ̀ wọ́n. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lórí tábìlì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, lábẹ́ àtẹ́rígbà. Mo fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bírò sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó lọ, ẹ fa ìlà sí èyí tí ẹ kì í sọ, kí ẹ sì kọ èyí tí ẹ ń sọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wà níbẹ̀ láti bá ẹni tí kò bá fẹ́ kọ ọ́ fúnra rẹ̀ kọ ọ́.